A1 Ìdànrè àti Ìdánwò Sátidé

Obìnrin náà gbé ìwé èsì ìdánwò mi sókè síbi tí iná wà, bí ẹni tó ń yẹ owó ayédèrú wò, ó sì bi mí jẹ́jẹ́ pé, "Jọ̀wọ́, kí ni B3?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré ni. Ní Odode, ní Ìdànrè tiwa, ìyá tí kò kàwé rárá mọ B3. Ó mọ̀ pé B3 dára, pé kò tó ohun tí èèyàn ń torí ẹ̀ pa adìyẹ, kò sì burú débi tí wọ́n á fi gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ.

"B3 ló tẹ̀lé B2, mà."

"Kí wá ni B2?"

"Òun ló tẹ̀lé A1."

Ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó gbójú sókè, ó sì sọ fún mi tẹ̀ríntẹ̀rín pé lọ́dọ̀ àwọn, A1 ni orúkọ omi ọbẹ̀ kan tí wọ́n máa ń dà sórí ẹran yíyan. Bí gbogbo ògo mi ṣe di ohun tí wọ́n fi ń jẹran nìyẹn, nínú yàrá kékeré kan ní ilé ìkàwé ìlú, ní Ohio, èmi tí mo wọ súẹ́tà lé súẹ́tà bí ẹni tó jí aṣọ kó lọ́jà.

Kí ẹ lè mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dùn mí tó, ẹ ní láti mọ irú èèyàn tí mo jẹ́ nílé. Prọ́fẹ́sọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. N kò ní kí wọ́n máa pè mí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò kọ̀ ọ́ fún wọn rí. Tí mo bá ń lọ ra búrẹ́dì, àwọn ọlọ́kadà tó jókòó sábẹ́ igi á kí mi pé, "Prọ́fẹ́sọ̀, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o!" Èmi náà á rọra mi orí, bí ẹni tí ọpọlọ ti ń rẹ̀. Nínú ìdánwò àṣejáde wa, A1 ló pọ̀ jù nínú èsì mi. B3 kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mo ti gbà á, ìyẹn sì dun bàbá mi wọra, nítorí pé àgbẹ̀ ni.

Bàbá mi kì í ṣe ọmọ Ìdànrè. Apá Ìwó ló ti wá nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó wá ṣiṣẹ́ nínú oko kókó olóko kí òun àti olóko jọ máa pín ohun tí wọ́n bá kórè. Inú ìjọ Aládùúrà kan ní Odode ló ti rí ìyá mi, Odode náà ni wọ́n sì bí wa sí. Síbẹ̀, ilé àwọn ará Ìwó ni wọ́n ń pe ilé wa. Tí a bá wá lọ ṣọdún ní Ìwó, wọ́n á ní, "Àwọn ará Ìdànrè ti dé." Mo gbọ́ èdè Ìdànrè dáadáa, ṣùgbọ́n bí mo bá ti la ẹnu sọ ọ́ báyìí, àwọn ìyá àgbà á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kí n tún un sọ kí àwọn lè tún rẹ́rìn-ín sí i. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ará Ohio bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí níbi tí mo ti wá gan-an, kò ṣe mí bí ẹni pé ohun tuntun dé. Mo ti ń ṣe àlejò láti kékeré. Ọkọ̀ òfuurufú kàn mú kó tún jìnnà sí i ni.

Ohun tí mo fẹ́ kọ́ ní yunifásítì ni ìmọ̀ nípa òkúta. Ọjọ́ tí mo sọ ọ́ nílé, ìyá mi sún mọ́ fèrèsé, ó ṣí i gbayawu, ó nawọ́ sí òkè tó yọ lẹ́yìn ilé wa.

"Òkúta lo fẹ́ kọ́? Wò ó. Ó ti wà níbẹ̀. Kí ló tún kù tó o fẹ́ mọ̀?"

Àṣé kì í ṣe òun nìkan ló ní iyèméjì. Ìdánwò àṣewọlé yunifásítì já mi kulẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà àkọ́kọ́, kọ̀ǹpútà tó wà níwájú mi ní Àkúrẹ́ kú lójú mi. Nígbà kejì, kọ̀ǹpútà wà láàyè, èmi ni mo kú. Báyìí ni Àǹtí Bísí, àbúrò ìyá mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ohio, ṣe ní kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Ó ní ní Amẹ́ríkà, ohun tí ọmọ ti ń ṣe láti ọdún pípẹ́ ni wọ́n ń wò, pé wọn kì í fi ìdánwò ọjọ́ kan ba ayé ọmọlọ́mọ jẹ́. Mo gbà á gbọ́. Mo dágbére fún ìdánwò, mo sì kọjá sí òkè òkun.

Obìnrin ilé ìkàwé yìí, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa gba àwọn tó fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga nímọ̀ràn, ló wá là mí lóye. Ó ní òótọ́ ni, gírédì ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n àwọn tó máa ka tèmi kò mọ ilé ìwé mi, wọn kò sì mọ̀ bóyá àwọn olùkọ́ wa le ni tàbí wọ́n lawọ́.

"Kì í ṣe olùkọ́ mi ló fún mi ní A1 yìí, mà," ni mo wí. "Ìdánwò àjùmọ̀ṣe ni. Àwọn tó máàkì ẹ̀ ò mọ̀ mí rí."

"Ó dára gan-an. Gírédì tí àwọn olùkọ́ rẹ fún ọ ní kíláàsì wá dà?"

Ìyẹn wà nílé ìwé mi, ní Ìdànrè. Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè fún un, kí n sì forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò àjùmọ̀ṣe tiwọn, èyí tí yóò bá mi sọ̀rọ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ mí. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń ṣe é, nítorí náà ìdánwò Sátidé ni èmi àti Àǹtí Bísí ń pè é. Mo sá fún ìdánwò, mo sì lọ bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

* * *

Kí n má baà jókòó lásán, Àǹtí Bísí bá mi wáṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Iṣẹ́ mi ni kí n máa pààrọ̀ aṣọ ibùsùn, kí n máa gbé oúnjẹ lọ sí yàrá, kí n máa ti kẹ̀kẹ́ àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn mọ́. Iṣẹ́ náà kò pa mí lára. Ohun tó fẹ́ pa mí ni orúkọ. Ọ̀gá wa ní orúkọ wọn gan-an ni kí a máa pè wọ́n, pé ìyẹn ló ń jẹ́ kí ara tù wọ́n. Ó mú mi lọ síwájú ìyá arúgbó kan tí irun rẹ̀ funfun bí òwú, ó ní, "Ruth nìyí. Kí i."

Mo la ẹnu, orúkọ náà kò jáde. Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó mọ ohun tí mo ń ṣe, ìyá náà sì pariwo pé kí wọ́n wá wò mí, ó ní ó dà bí ẹni pé òòyì ń kọ́ mi. Láti ọjọ́ náà lọ, Mọ̀mí Ruth ni mo ń pè é. Ọ̀gá ní kò bá ìlànà mu. Mọ̀mí Ruth ní kí ọ̀gá fi mí sílẹ̀.

Lóde ńkọ́? Ní ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ dé, mo ń kí gbogbo ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀sì ní "Ẹ káàárọ̀" lédè òyìnbó. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọkùnrin kan bi mí pé kí ni mò ń tà. Nígbà tó yá, mo kọ́ láti máa wo ojú fèrèsé bíi tiwọn. Ọjọ́ tí mo mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, tí mo gun bọ́ọ̀sì lọ gun bọ́ọ̀sì bọ̀ tí n kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, mo délé, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sì ń kí àwọn àga inú yàrá mi lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mọ̀mí Ruth ló kọ́kọ́ béèrè ohun tí mo máa ń kà nígbà ìsinmi ọ̀sán.

"Ìwé ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ni, mà."

Ojú rẹ̀ tàn. "Iṣẹ́ mi nìyẹn! Kí n tó fẹ̀yìn tì, mo wà lára àwọn tó ń jókòó yan ẹni tó máa wọlé sí kọ́lẹ́ẹ̀jì wa."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ tún kúnlẹ̀. Ẹni tí mò ń wá káàkiri ni mò ń gbé ọbẹ̀ tòmátò fún lójoojúmọ́!

"Ẹ jọ̀wọ́, mà, nínú gírédì àti ìdánwò, èwo ló wúwo jù?"

"Orí ìyẹn la ti máa ń jà," ó wí. "Gírédì ń sọ fún mi bí ọmọ ṣe ń jí lójoojúmọ́ láti ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe, ó wù ú, kò wù ú. Ìdánwò ń sọ ohun tó lè ṣe ní àárọ̀ ọjọ́ kan, tí inú kò bá máa run ún. Ọkùnrin kan wà láàárín wa tó gbà pé ìdánwò nìkan ni kì í ṣojúsàájú. Èmi á ní, àwọn ọlọ́rọ̀ tó ń sanwó fún ẹni tó ń kọ́ ọmọ wọn ní ìdánwò náà láti kékeré ńkọ́? Òun náà á ní, olùkọ́ tó ń pín A bí ẹni pín súìtì ńkọ́? Òótọ́ sì ni o. Mo ti rí ilé ìwé tí kò sí ọmọ tí kò gba A rí."

"Ta ló wá máa ń borí?"

"Ó wà lọ́wọ́ bóyá a ti jẹun ọ̀sán."

Mo rẹ́rìn-ín níwájú rẹ̀. Nígbà tí mo wọ bọ́ọ̀sì, mi ò rẹ́rìn-ín mọ́.

* * *

Gbọ̀ngàn eré ìdárayá ilé ìwé kan ni wọ́n ti ṣe ìdánwò Sátidé. Àwọn ọmọ kéékèèké ló kún ibẹ̀, àwọn òbí wọn ń fi mọ́tò gbé wọn sílẹ̀, wọ́n ń jẹ bisikíìtì, wọ́n ń yán. Mo dàgbà jù wọ́n lọ, mo sì wọ kóòtù Àǹtí Bísí. Ọmọkùnrin kan wá bá mi, ó fọ̀wọ̀ bi mí pé níbo ni ilé ìtọ̀ wà. Ó rò pé èmi ni mo ń ṣọ́ wọn. Mo júwe ọ̀nà fún un. N kò mọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n Prọ́fẹ́sọ̀ kì í sọ pé òun kò mọ̀.

Ìṣirò bọ́ sí i fún mi. Àyọkà ló fìyà jẹ mí. Ọ̀kan wà nípa igi kan tí wọ́n ń gbẹ́ ihò sí lára kí omi dídùn lè máa kán jáde láti inú rẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ta ni yóò kọ́ ọmọ Ìdànrè nípa ẹmu? Wọ́n béèrè ìdí tí àgbẹ̀ náà kò fi tètè dá omi náà. Mo rántí gbogbo adẹ́mu tí mo mọ̀, mo sì mú ìdáhùn tó sọ pé nítorí àwọn oníbàárà rẹ̀ ni. Ẹ̀yìn ìdánwò ni Àǹtí Bísí sọ fún mi pé omi náà kì í pani bí ọtí, pé omi ṣúgà ni wọ́n ń sè é dà, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú àkàrà òyìnbó ní àárọ̀. Òtútù ló fa ìdádúró tí wọ́n béèrè. Òtútù! Èmi tí òtútù ti ń dá dúró láti ìgbà tí mo ti dé, n kò rántí òtútù.

Èsì dé. Ìṣirò mi dára débi tí mo fi fijó rìn yí ilé po. Nínú àyọkà, àwọn ọmọ tó ń jẹ bisikíìtì yẹn ti fi mí sílẹ̀ sójú ọ̀nà. Wọ́n sì pa méjèèjì pọ̀ di iye kan ṣoṣo, èyí tí kò jọ iye Prọ́fẹ́sọ̀ rárá.

Ìyá mi pè mí lórí fídíò lọ́jọ́ kejì. Ojú rẹ̀ sún mọ́ fóònù débi tí mo fi ń rí kìkì iwájú orí.

"Ṣé o yege?"

"Mọ́mì, kì í ṣe irú ìdánwò téèyàn ń yege tàbí kó fìdí rẹmi. Iye kan ni wọ́n kàn máa ń fún èèyàn."

"Iye tí wọ́n fún ọ, ṣé ó yege?"

Mo ṣe bí ẹni pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já.

"Gbogbo ẹgbẹ́ àwọn ìyá nínú ìjọ ló gbààwẹ̀ nítorí rẹ o. Má jẹ̀ẹ́ kí ebi ti pa wá lásán."

Bàbá mi gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Iwájú ilé ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kókó tó ń sá. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ gírédì àti ìdánwò fún un, pé àwọn tó ń yan ọmọ kò mọ ilé ìwé mi. Kò yà á lẹ́nu.

"Ṣé bí kókó náà ni. Èmi lè máa pariwo pé tèmi ni gírédì kìíní, pé mo fi ewé bò ó kó pé ọjọ́ rẹ̀, pé mo sá a gbẹ. Ẹni tó fẹ́ rà á kò mọ̀ mí. Á bu ẹ̀kúnwọ́ kan, á fi ọ̀bẹ là á, á wo inú rẹ̀."

"Ìyẹn ni pé ìdánwò Sátidé ni ọ̀bẹ, Dádì?"

"Ó lè jẹ́ òun. Ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn, ẹ̀kúnwọ́ tó bù gan-an ni kò dára, tí gbogbo àpò sì dára. Mo ti bá wọn jà lórí ẹ̀ rí."

"Ẹ borí?"

"Rárá," ó wí, ó sì lọ yí kókó rẹ̀ padà.

* * *

Àǹtí Bísí kò fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún mi. Ó ní tí igi bá tún wọ́wé tí ilé ẹ̀kọ́ kankan kò gbà mí, kí n forúkọ sílẹ̀ fún ìwé ẹ̀rí olùtọ́jú aláìsàn, kí n gbàgbé òkúta. "Òkúta kì í ṣàìsàn," ó wí, "èèyàn ló ń ṣàìsàn." Kò sí ìkà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Òun náà fẹ́ ṣe lọ́yà nígbà kan. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, nígbàkígbà tí mo bá rí ewé tó pọ́n lórí igi, àyà mi á já.

Ilé ẹ̀kọ́ méjì ló ní ẹ̀ka ìmọ̀ òkúta tó wù mí. Ọ̀kan jẹ́ yunifásítì ńlá, dandan ni kí èèyàn fi èsì ìdánwò Sátidé ránṣẹ́ sí wọn. Èkejì jẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan láàárín oko àgbàdo. Ní tiwọn, kò pọn dandan. Tí ó bá wù mí, kí n fi ránṣẹ́. Tí kò bá wù mí, kí n má fi ránṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí da ilé wa rú nílẹ̀ méjèèjì. Bàbá mi ní, "Ilé ìwé tó ní tó bá wù ọ́, ṣé ó ní ilé tó dúró sí?" Ìyá mi ní kí n fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ torí ààwẹ̀ ti wà lórí ẹ̀. Mo lọ bá Mọ̀mí Ruth.

"Tí o kò bá fi ránṣẹ́," ó wí, "ẹni tó ń kà á lè rò pé kò dára."

"Kò kúkú dára, mà."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kò ní mọ bó ṣe burú tó."

Mo fi èsì ránṣẹ́ sí yunifásítì ńlá, nítorí dandan ni. N kò fi ránṣẹ́ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré. Mo fi gírédì mi nìkan dúró níwájú wọn, bí ẹni tó lọ síbi ayẹyẹ láìwọ bàtà.

Kò pẹ́ tí kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré náà fi kọ̀wé sí mi. Ilé ìwé mi ti fi àwọn èsì kíláàsì mi ránṣẹ́, wọ́n sì ní ìbéèrè. Wọ́n rí márùndínlọ́gọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún níbi púpọ̀. Lọ́dọ̀ wa, A ni, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún ọmọ náà. Lọ́dọ̀ wọn, èsì ọmọ tó ń sùn ní kíláàsì ni. Báwo ni mo ṣe máa ṣàlàyé fún òyìnbó pé olùkọ́ kẹ́mísìrì wa kì í fún ẹnikẹ́ni ju ọgọ́rin lọ, torí ó gbà pé ogún tó kù jẹ́ ti òun? Wọ́n ní àwọn fẹ́ bá ẹnì kan tó mọ ilé ìwé náà sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

Ẹni náà ni pírínsípà wa, ẹni tí a máa ń sá wọ inú igbó tí a bá gbúròó bàtà rẹ̀. Mo pè é tìbẹ̀rùtìbẹ̀rù. Ó ní kí n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún òun. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ pè é, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára ní Odode, ló bá gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè dé ibi ìsinmi àkọ́kọ́. Ó wọ kóòtù, ó de táì, fún ìpè tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí i.

Nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀ tán, ó pè mí. Ó ṣì ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Wọ́n bi mí ní ìdí tó fi jẹ́ márùndínlọ́gọ́rin lo gbà nínú físíìsì. Mo ní kí wọ́n dúró ná. Mo ní lọ́dún yẹn, a kò ní olùkọ́ físíìsì. Ọmọ yìí ló ń kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ lẹ́yìn tí a bá jáde ilé ìwé, ló ń kọ́ wọn ní ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì mọ̀."

"Sà! Ẹ sọ fún wọn pé n kò tíì mọ̀ ọ́n?"

"Irọ́ ni? Àwọn kan nínú wọn kúkú gbà jù ọ́ lọ níkẹyìn."

"Wọ́n wá ní kí ni, sà?"

"Mo gbé fóònù sókè wò. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já. Obìnrin tó pè mí wá ní kí n tún un sọ, pé òun fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Mo tún un sọ. Mo fi kún un pé o máa ń jiyàn."

"Ẹ̀yin náà, sà!"

"Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó dára. Jẹ́ kí n máa sọ̀ kalẹ̀, oòrùn ti mú."

Mo dúró sẹ́yìn ilé àwọn arúgbó pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ọdún yẹn. Mo rántí ohùn mi tó ti há, ẹfun lára yúnífọ́ọ̀mù mi, àti bí àwọn ẹgbẹ́ mi ṣe máa ń bi mí ní ìbéèrè tí n kò mọ̀, tí n ó sì sọ pé ọ̀la la máa ṣe ìyẹn, kí n lè lọ wá ìdáhùn rẹ̀ lálẹ́. Kò sí èyíkéyìí nínú rẹ̀ nínú A1 mi. Kò sì sí nínú ìdánwò Sátidé. Ọkùnrin kan tí mo rò pé kò mọ̀ mí yàtọ̀ sí ariwo tí mò ń pa ló rí i, ó sì gun òkè lọ sọ ọ́. Mo sunkún díẹ̀, ẹkún náà sì fẹ́ dì sójú mi nítorí òtútù, mo bá wọlé.

* * *

Yunifásítì ńlá ló kọ́kọ́ dáhùn. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n yìn mí, wọ́n gbàdúrà fún mi débi pé mo kà á tán kí n tó mọ̀ pé wọn kò gbà mí.

Èsì kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré bá mi níbi tí mo ti ń ká aṣọ ibùsùn. Wọ́n gbà mí, wọ́n sì ní àwọn á san díẹ̀ lára owó ilé ìwé mi. Mo ké tòò. Ní irú ilé yẹn, tí èèyàn bá ké, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń rò. Àwọn nọ́ọ̀sì sáré dé pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn mí, ọ̀gá wa béèrè pé yàrá wo ni. Mọ̀mí Ruth ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ó wo ojú mi, ó ní, "Wọ́n ti jẹun ọ̀sán nìyẹn."

Mo rò pé ìdánwò tán. Ọjọ́ tí mo dé kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọ́n ní kí gbogbo ẹni tuntun wá ṣe ìdánwò kékeré kan láti mọ kíláàsì tó yẹ wọ́n. N ó kàn sọ ọ́ ṣókí. Èmi tí mo gba A1 nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Ìdànrè, kíláàsì àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń kọ̀wé ni wọ́n fi mí sí. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Earl ló jókòó tì mí, ó ti wa ọkọ̀ akẹ́rù fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó pinnu láti wá kàwé. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, a kò sọ ju "báwo ni" lọ.

Iṣẹ́ tí olùkọ́ kọ́kọ́ fún wa ni pé kí a kọ̀wé nípa ibì kan tí a mọ̀. Mo kọ̀wé nípa àdúgbò wa ní Odode, mo sì da gbogbo ọ̀rọ̀ ńláńlá tí mo mọ̀ sínú rẹ̀. Ìsọ̀ búrẹ́dì di ohun àrà, òpópónà wa di ohun ìyanu. Olùkọ́ dá a padà pẹ̀lú C, ó sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé, "Ta ló ń gbé ibí yìí? Mi ò rí ẹnì kankan." Nígbà tí mo lọ kí Mọ̀mí Ruth ní ìparí ọ̀sẹ̀, mo fi hàn án. Ó ní òun ì bá fún mi ní D.

C àkọ́kọ́ ní ayé mi nìyẹn. Ní kíláàsì, lọ́jọ́ tí olùkọ́ dá a padà, níbi tí mo ti ń wò ó bí ẹni tí wọ́n gbá létí, Earl na ọrùn wo ìwé mi.

"C?" ó wí. Ó yí tirẹ̀ padà kí n lè rí i. "Èmi náà." Ó sì fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi, ó ní kí a jọ wo ibi tí a ti ṣì í.

Mo pe ilé ní ọjọ́ náà. Mo ti pinnu pé n kò ní bo nǹkan kan mọ́ wọn lójú.

"C ni mo gbà, Dádì."

"C ti ọ̀hún, ṣé bíi C tiwa níbí náà ni?"

"Bákan náà ni, sà."

"Kò sí ẹni tó ní kí o wá ṣàlàyé ẹ̀?"

"Kò sí, sà. Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n."

"Ó dáa nígbà náà," ó wí, mo sì gbọ́ ẹ̀rín nínú ohùn rẹ̀. Ìyá mi já fóònù gbà. Ó ní ọjọ́ Àìkú lòun máa dúpẹ́.

"Mọ́mì, C ni o! Èèyàn kì í dúpẹ́ nítorí C!"

"Ṣé kì í ṣe Amẹ́ríkà lo ti gbà á?"

Mo rò pé àwàdà ni. Lọ́jọ́ Ajé, ó fi ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ lórí fóònù ránṣẹ́ sí mi, mo sì tẹ̀ ẹ́ kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀. Agogo kọ́kọ́ dún, lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn ìyá mi tó lọ sókè réré: "Ọmọ mi tó wà ní Amẹ́ríkà, àwọn òyìnbó ti fún un ní C!" Gbogbo ìjọ sì bú jáde lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Halelúyà!" Wọ́n tún un ké, wọ́n tún un ké, àtẹ́wọ́ sì ń ró.

Earl gbé orí sókè nínú ìwé rẹ̀. Ó béèrè ohun tó dùn mọ́ àwọn èèyàn yẹn nínú tó bẹ́ẹ̀.

"C mi ni," mo wí.

Ó tẹ́tí sí i títí ó fi tán. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀ mí pé, tí kò bá ni mí lára, kí n bá òun fi tòun náà ránṣẹ́ sí wọn.